Ọjà Tí Ilé Ẹ̀kọ́ Gíga Ń Rà Kò Gbọdọ̀ Fo Oníṣẹ́ Ọwọ́ Àdúgbò Dá

Ẹni tí ó bá gba orí afárá Udu kọjá ní Ìpínlẹ̀ Delta, tí ó fi ariwo Enerhen sẹ́yìn, tí ó sì forí lé Ekete, níbi tí odò Wárì ti pààlà sáàárín ilẹ̀ Udu àti Wárì, ìlú ńlá tí àwọn ọmọ rẹ̀ máa ń fi yangàn pé kì í gbẹ́yìn níbikíbi, yóò mọ̀ láìpẹ́ pé ilẹ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ ni òun dé. Aladja tí ó wà nítòsí rẹ̀ ni ìjọba àpapọ̀ kọ́ ilé iṣẹ́ irin ńlá sí, èyí tí Ààrẹ Shehu Shagari ṣí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1982. Iná ìléru náà jó, ó kú, ìjọba tà á fún aládàáni ní ọdún 2005, ó sì tún ti ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn láti ìgbà náà wá, ṣùgbọ́n ìmọ̀ tí ó ti wọ ọwọ́ àwọn ènìyàn kò bá a kú. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé ní gbogbo agbègbè yìí, láti Ovwian dé Orhuwhorun, ẹni tí ń jó irin, ẹni tí ń gbẹ́ igi, ẹni tí ń fa wáyà iná àti ẹni tí ń to búlọ́ọ̀kù kò wọ́n.

Ní òdìkejì odò náà ni àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga wà. PTI, ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ epo rọ̀bì, wà ní Effurun láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, tí ìjọba ológun dá a sílẹ̀ kí àwọn ọmọ wa lè kọ́ iṣẹ́ ìdí kànga epo tí ó jẹ́ pé àwọn òyìnbó ni ó pọ̀ jù nídìí rẹ̀ nígbà náà. Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ fún ọ̀ràn epo rọ̀bì tẹ̀ lé e ní ọdún 2007. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ti Ìpínlẹ̀ Delta sì wà ní ìgboro Wárì. Lọ́dọọdún ni irú àwọn ilé ẹ̀kọ́ báyìí, níbi gbogbo ní Nàìjíríà, ń ra àga àti tábìlì, tí wọ́n ń pààrọ̀ ilẹ̀kùn àti fèrèsé, tí wọ́n ń tún òrùlé ṣe, tí wọ́n ń ra jẹnẹrétọ̀ àti kọ̀ǹpútà, tí wọ́n sì ń gbé iṣẹ́ ilé kíkọ́ fún agbaṣẹ́ṣe, owó gbogbo ènìyàn ni wọ́n sì ń ná. Èmi kò ní ẹ̀sùn kankan láti fi kan ọ̀kan nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí mo dárúkọ wọ̀nyí. Òfin ni mo ń bá sọ̀rọ̀, àti ọ̀nà tí a ń gbà lo òfin. Ìbéèrè mi kò sì ju ẹyọ kan lọ: kí ló dé tí ẹni tí ń kan àga ní Ekete fi máa ń jẹ́ ẹni ìkẹyìn tí yóò gbọ́ pé ilé ẹ̀kọ́ tí ó wà ní òdìkejì odò ń wá àga?

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo fẹ́ kí a padà sí ayé àná. A mọ ayé àná. Ní ayé àná, ẹni tí ó bá mọ ọ̀gá ni ó ń gba iṣẹ́, ìwé kékeré kan láti ọwọ́ ọ̀gágun sì lè sọ ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ sáàárín pákó àti pálánkì di kọngílá ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Nígbà tí Báńkì Àgbáyé yẹ ọ̀nà tí a ń gbà rajà ìjọba wò ní ọdún 2000, ohun tí wọ́n rí kò dùn ún gbọ́. Ní ọdún 2001 ni ìjọba Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ tí yóò máa yẹ iye owó iṣẹ́ wò kí owó tó jáde, tí wọ́n sì fi obìnrin akíkanjú nì, Oby Ezekwesili, ṣe olórí rẹ̀, títí tí ìlú fi sọ ọ́ ní Madam Due Process. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹfà ọdún 2007, nígbà tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tí Ààrẹ Umaru Musa Yar'Adua gorí àga, ó fọwọ́ sí òfin tí ó dá BPP, àjọ tí ń mójú tó ìrajà ìjọba àpapọ̀, sílẹ̀, òfin tí ó ń darí bí ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ gbogbo, tí ó fi kan àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga rẹ̀, yóò ṣe máa rajà tí wọn yóò sì máa gbé iṣẹ́ àgbàṣe jáde.

Òfin rere ni. Ó ní kí iṣẹ́ tí owó rẹ̀ bá ti pọ̀ tó ìwọ̀n kan di ohun tí gbogbo ayé yóò gbọ́, kí ìkéde rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn méjì, ó kéré tán, tí ó ń kárí orílẹ̀-èdè, kí a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó ìkéde ilé iṣẹ́ tí ó fẹ́ rajà, kí ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí a tó ti ilẹ̀kùn ìdíje. Ó ní kí a pe ẹlẹ́rìí méjì láti òde, ọ̀kan láti inú ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ iṣẹ́ náà, èkejì láti inú ẹgbẹ́ tí ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́. Bí ọjà bá kéré, ó ní kí a béèrè iye owó lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta, ó kéré tán, tí kò sí ohun tí ó pa wọ́n pọ̀. Ó ní kí àkọsílẹ̀ ọjà kọ̀ọ̀kan wà ní ìpamọ́ fún ọdún mẹ́wàá, kí ará ìlú tí ó bá sì san owó àdàkọ lè rí i kà. Òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó bá sì tàpá sí i, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní ọdún márùn-ún, kò sí àyè láti fi owó ìtanràn gbara rẹ̀ sílẹ̀, iṣẹ́ yóò sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú.

Ṣùgbọ́n àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ẹ̀bìtì kò bá pa eku, kí ó fi ẹyìn fún ẹlẹ́yìn. Olè tí òfin yìí dẹ pańpẹ́ dè, tí ó ní àǹfààní láti gba lọ́yà àti akọ̀wé àti oníṣirò owó, ti mọ ọ̀nà yí i ká. Oníṣẹ́ ọwọ́ tí kò jalè ni pańpẹ́ náà mú dání.

Ẹ jẹ́ kí á fi ojú inú tẹ̀ lé ọ̀kan nínú wọn. Káfíńtà ni, ọmọ ọdún márùndínláàádọ́ta, ó ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta, ó ní ẹ̀rọ ìlàgi kan àti àkójọ pákó tí ó gbẹ dáadáa. Ká ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan fẹ́ ra àga 500. Ìkéde rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn méjì tí wọ́n ń tẹ̀ ní Èkó àti Àbújá, tí iye owó wọn fún ọjọ́ kan tó oúnjẹ ọ̀sán, tí kì í sì í dé Ekete àfi tí ẹnìkan bá fi wé nǹkan wá. Ká tilẹ̀ ní ó rí i. Wọ́n lè ní kí ó mú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ilé iṣẹ́ wá láti CAC. Ìwé ẹ̀rí owó orí ọdún mẹ́ta. Ìwé ẹ̀rí owó ìfẹ̀yìntì láti PENCOM. Ìwé ẹ̀rí ITF, àjọ ìkọ́ṣẹ́. Ìwé ẹ̀rí NSITF, àjọ adójútòfò òṣìṣẹ́. Ẹ̀rí pé orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé BPP. Ìṣirò owó ọdún mẹ́ta tí oníṣirò tí ó gba àṣẹ fọwọ́ sí. Ìwé ìbúra láti kóòtù. Ẹ̀rí pé ó ti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Àti owó fọ́ọ̀mù tí kì í padà bọ̀. Mo ti gbọ́ tí àwọn ènìyàn sọ pé kí oníṣẹ́ ọwọ́ lọ tún ilé ara rẹ̀ ṣe, kí ó di ilé iṣẹ́ tí ó lórúkọ. Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì nìkan: òfin ọdún 2014 tí ó ń darí ètò náà kò fi dandan mú ilé iṣẹ́ aládàáni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, síbẹ̀ àwọn ìkéde tẹ́ńdà kan wà tí ń béèrè ìwé ẹ̀rí rẹ̀ lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn, ìbáà jẹ́ ẹni tí ó ní ọ̀ọ́dúnrún òṣìṣẹ́, ìbáà jẹ́ ẹni tí ó ní mẹ́ta. Ohun tí òfin kan yọ̀ǹda fún ọmọ kékeré, irú ìkéde tẹ́ńdà bẹ́ẹ̀ gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìwé kọ̀ọ̀kan nínú àwọn ìwé wọ̀nyí ni ó ní ọ́fíìsì tirẹ̀, ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan ni ó ní owó tirẹ̀ àti ìjókòó ìdúródè tirẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn a sì tún parí lọ́dọọdún, kí ẹni náà tún wá san án. Ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ 50 mílíọ̀nù náírà yóò san án kò sì ní mọ̀ ọ́n lára; ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ mílíọ̀nù méjì yóò rí i pé èrè àga rẹ̀ ti bá ìwé lọ kí ó tó fi ayùn kan igi. Nítorí náà ni ó ṣe máa ń ṣẹ́rí padà.

Ta ni ó wá ń gba iṣẹ́ náà? Ẹnìkan tí kò ní ayùn, tí kò ní ìṣó, tí kò sì mọ bí pákó ọ̀mọ̀ ṣe ń rùn, ṣùgbọ́n tí ó ní páálí ìwé tí ó pé pérépéré. Ìwé ni òwò rẹ̀. Òun kan náà ni yóò gba iṣẹ́ àga lónìí, tí yóò gba iṣẹ́ òògùn ilé ìwòsàn lọ́la, tí yóò sì gba iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lọ́túnla. Nígbà tí ó bá ti gba ìwé iṣẹ́ tán, ibo ni yóò lọ? Ekete kan náà ni yóò wá, ọ̀dọ̀ káfíńtà kan náà ni yóò wá. Ká ní ilé ẹ̀kọ́ fi ₦60,000 gba àga kan lọ́wọ́ rẹ̀, yóò ní kí káfíńtà kàn án fún òun ní ₦25,000, yóò sì dín in kù tí ó bá rí i pé ebi ń pa ọkùnrin náà. Kí káfíńtà lè rí nǹkan jẹ nínú ₦25,000 yìí, yóò fi pákó tútù kàn án, ìṣó yóò dín, àga yóò sì yẹ gẹ̀rẹ̀ lábẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kí ọdún tó yípo. Ilé ẹ̀kọ́ ti san owó àga gidi, àga burúkú ni ó rà; oníṣẹ́ ti ṣe iṣẹ́, kò rí èrè jẹ; ìyàtọ̀ ₦35,000 tí ó wà láàárín, kò sí ohun tí a lè tọ́ka sí tí ó rà fún ẹnikẹ́ni bí kò ṣe ìwé. Gbogbo rẹ̀ bófin mu láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sí ọlọ́pàá tí yóò wá, kò sí ẹni tí EFCC yóò pè. Ibi tí ó dùn mí jù nínú ọ̀ràn yìí nìyẹn.

Àwọn tí kò bófin mu náà wà, kí n má sì gbójú fò wọ́n. Àwọn kan máa ń gé iṣẹ́ ńlá kan sí wẹ́wẹ́ kí wẹ́wẹ́ kọ̀ọ̀kan lè wà lábẹ́ ìwọ̀n tí òfin ní kí a kéde, kí wọ́n lè pín in fún ọ̀rẹ́ àti ojúlùmọ̀ láìsí ẹni tí yóò gbọ́. Òfin 2007 dárúkọ ìwà yìí gan-an gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ṣẹ̀ tí a ń tìtorí rẹ̀ wẹ̀wọ̀n. Àwọn mìíràn máa ń mú ìwé iye owó mẹ́ta wá láti ilé iṣẹ́ mẹ́ta, kí a lè rò pé ènìyàn mẹ́ta ni ó díje, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ kan náà ni ó kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, orí ìwé nìkan ni ó yàtọ̀. Olùdíje tí wọ́n bá rẹ́ jẹ ní ẹ̀tọ́ láti mú ẹ̀sùn lọ bá ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà láàárín ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ó sì tọ BPP lọ bí kò bá rí ìdáhùn, àti láti ibẹ̀ dé ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò pẹjọ́? Ẹni tí kò gbọ́ ìkéde kò lè mọ̀ pé wọ́n rẹ́ òun jẹ.

Àwọn kan yóò wí pé bí a bá ṣí ilẹ̀kùn fún ará àdúgbò, a ti ṣí i fún àwọn ọ̀dọ́ tí ń gba "deve" nìyẹn. Ẹni tí kò bá gbé Wárì tàbí Udu rí kò lè mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ti wúwo tó. "Deve" ni owó tipátipá tí àwọn kan máa ń fi orúkọ ìdàgbàsókè ìlú gbà lọ́wọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́lé tàbí tí ó fẹ́ ṣe iṣẹ́ ní àdúgbò wọn. Bí kò bá sanwó, iṣẹ́ kò ní lọ. Ọ̀ràn náà le débi pé Ìpínlẹ̀ Delta ṣe òfin tí ó sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ ní ọdún 2018. Mo kórìíra deve tọkàntọkàn, nítorí pé ohun tí ó ń gbà kò ní iṣẹ́ kankan nínú. Ohun tí mo ń wí yàtọ̀ sí i. Ẹni tí ń gba deve kò fẹ́ ṣiṣẹ́, owó iṣẹ́ ni ó fẹ́. Káfíńtà fẹ́ ṣiṣẹ́. Bí ọmọ àdúgbò bá sì rí i pé iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ tí ó wà ní ẹ̀yìn ilé òun ń kọjá lórí òun lọ sí Àbújá lọ́dọọdún, kí ó tún wá padà sí ọwọ́ òun ní ìdajì owó, inú tí ó bí i yẹn ni àwọn olórí deve máa ń wá lò. Ẹ jẹ́ kí a ṣe òótọ́: àìrí iṣẹ́ tòótọ́ gbà wà nínú ohun tí ó bí ìwà ipá yìí.

Àwọn mìíràn yóò wí pé àna àti ìbátan ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ni yóò kún inú rẹ̀. Ẹ̀rù yìí tọ́. Ṣùgbọ́n ìbátan ọ̀gá kò nílò kí a ṣí ilẹ̀kùn kankan kí ó tó wọlé. Òun ti wà nínú ilé. Ẹni tí kò mọ ẹnikẹ́ni ni ó nílò ilẹ̀kùn.

Ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga kan wà tí wọ́n jẹ́ ti àdúgbò, ọlọ́dún méjì, tí wọ́n ń kọ́ ọmọ oníṣẹ́ ọwọ́ àti ọmọ ẹni tí kò lówó. Wọ́n jẹ́ 116, àgbègbè 73 ni wọ́n sì pín wọn sí, àwọn ará àdúgbò ni ó sì ń dìbò yan ìgbìmọ̀ tí ń ṣàkóso èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Òfin wọn ní kí ọjà tí ó bá kọjá $50,000 lọ sí ọwọ́ ẹni tí iye rẹ̀ kéré jù tí ó sì tó gbẹ́kẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n òfin kan náà ní kí wọ́n máa tún ìwọ̀n yìí wọ̀n lọ́dọọdún gẹ́gẹ́ bí ọjà ṣe ń wọ́n, tí ó fi jẹ́ pé ó ti kọjá $114,000 ní ọdún 2025. Ohun tí ó wà lábẹ́ ìwọ̀n yẹn, àdúgbò lè ṣe é láìsí wàhálà púpọ̀. Ní tiwa, ìwọ̀n tí a gbé kalẹ̀ nígbà tí dọ́là kan kò ju nǹkan bí ₦150 lọ wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí dọ́là fi di ₦1,500 ní ọdún 2024, ọjà tí ó jẹ́ kékeré tẹ́lẹ̀ ti di ńlá lórí ìwé, ó sì ti kó gbogbo ìlànà iṣẹ́ ńlá sọ́rùn. Ní ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ tún un gbé sókè. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n èwo ni ó dára jù nínú kí òfin máa tún ara rẹ̀ ṣe lọ́dọọdún, àti kí a máa dúró de ẹni tí yóò rántí? Ìpàdé ìgbìmọ̀ àwọn ilé ẹ̀kọ́ California wọ̀nyẹn sì jẹ́ ti gbangba láti ọdún 1953 tí wọ́n ti ṣòfin rẹ̀. Wákàtí méjìléláàádọ́rin ṣáájú ìpàdé ni wọn gbọ́dọ̀ lẹ ohun tí wọ́n fẹ́ jíròrò mọ́ gbangba, kí ẹni tí ó bá fẹ́ lè wá jókòó gbọ́ ọ.

Kò tilẹ̀ di ìgbà tí a bá dé Amẹ́ríkà. Àwọn ará Ghana kọ ilé ẹ̀kọ́ gíga àti yunifásítì ìjọba sínú òfin ìrajà wọn ti ọdún 2003 ní tààrà, kí àríyànjiyàn má baà sí. Kenya ń ya ìpín ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún ọjà ìjọba sọ́tọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́, obìnrin àti àwọn aláàbọ̀ ara láti ọdún 2013. Àwa fúnra wa sì ti ṣe irú rẹ̀ rí ní ibi tí owó gbé pọ̀ jù: òfin ọdún 2010 lórí ipa ọmọ ilẹ̀ wa nínú iṣẹ́ epo àti gáàsì ní kí ilé iṣẹ́ epo tí ó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ ńlá kan ṣí ọ́fíìsì sí àgbègbè tí iṣẹ́ náà wà, kí ó sì jẹ́ pé níbẹ̀ ni wọn yóò ti máa pinnu ohun tí wọ́n fẹ́ rà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, ìgbìmọ̀ Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú tún pàṣẹ pé kí ọjà tí a ṣe ní Nàìjíríà gba iwájú nínú ohun gbogbo tí ìjọba bá ń rà. Bí ilé iṣẹ́ òyìnbó tí ń wa epo bá lè jókòó sí àdúgbò kí ó tó rajà, kí ló dé tí ilé ẹ̀kọ́ ọmọ wa kò lè ṣe é?

Owó tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí pàápàá, láti ibo ni ó ti ń wá? Ọ̀pọ̀ nínú ilé tuntun tí ẹ ń rí nínú ọgbà àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga ìjọba, tí wọ́n kọ TETFund sí lára gàdàgbà, owó orí ẹ̀kọ́ ni a fi kọ́ ọ, owó tí òfin ọdún 1993 bẹ̀rẹ̀ sí í bù lára èrè àwọn ilé iṣẹ́, ní náírà méjì nínú ọgọ́rùn-ún, tí ó di méjì ààbọ̀ ní ọdún 2021, tí ó sì di mẹ́ta ní ọdún 2023. Bí a bá pín in sí mẹ́rin, yunifásítì ń mú ìdá méjì, àwọn ilé ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe ń mú ọ̀kan, àwọn ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ń mú ọ̀kan. Ilé iṣẹ́ tí ń wa epo ní ilẹ̀ àti odò wọ̀nyí, tí wọ́n ń fi ọ̀rá epo ba omi apẹja jẹ́, wà lára àwọn tí ó ti ń san án. A kò gbọdọ̀ wá ba omi ènìyàn jẹ́, kí a fi owó orí èrè rẹ̀ kọ́ ilé ẹ̀kọ́ sí ìdojúkọ rẹ̀, kí a sì tún sọ fún un pé ìwé rẹ̀ kò pé láti fi kan àga tí ọmọ rẹ̀ yóò jókòó lé.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi ní Ìbàdàn, ní Iléṣà, ní Ṣakí, ẹ má ṣe wí pé ọ̀rọ̀ Wárì ni. Ilé kan náà ni gbogbo wa jọ wà nígbà kan. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, láti Ìbàdàn ni wọ́n ti ń ṣàkóso Wárì, àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹkùn ìwọ̀-oòrùn lọ́dún náà lé ní 800,000, ọ̀pọ̀ nínú iyàrá tí wọ́n jókòó sí ni ó sì jẹ́ pé ará abúlé ni ó fi ọwọ́ ara wọn mọ ọ́n, tí káfíńtà abúlé kan àga rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó béèrè ìwé ẹ̀rí ITF lọ́wọ́ wọn. Ìṣòro tí ó wà ní Ekete lónìí wà ní ẹ̀yìnkùlé gbogbo ilé ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe tí ó wà ní ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí ó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ sì wà lábẹ́ òfin ìpínlẹ̀ wọn, irú èyí tí Èkó ṣe ní ọdún 2011, kì í ṣe lábẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, nítorí náà àwọn aṣòfin tí ẹ dìbò fún nítòsí yín ni ó lè tún un ṣe.

Ohun tí mo fẹ́ kò ní kí a fọ́ òfin kankan. Gígé iṣẹ́ wẹ́wẹ́ láti sá fún ìkéde ni òfin kórìíra. Pípín iṣẹ́ ní ìpín-ìpín ní gbangba, lẹ́yìn ìkéde, kí ẹnìkan lè díje fún àga 50 dípò kí ó jẹ́ dandan kí ó kan 500, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí a bá fi àpapọ̀ owó náà wọn ìlànà tí a ó tẹ̀ lé. Kí a kéde nínú ìwé ìròyìn tí ó ń kárí orílẹ̀-èdè bí òfin ti wí, ṣùgbọ́n kí a tún kéde lórí rédíò àdúgbò, ní Pijin, ní èdè Ùrhobo, àti ní Ìṣẹkírì tí ó jẹ́ ọmọ ìyá Yorùbá, kí a sì fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ káfíńtà àti ẹgbẹ́ àwọn ajórin. Kí ìwé tí a ń béèrè fún iṣẹ́ kékeré kéré bí iṣẹ́ náà: ìforúkọsílẹ̀, owó orí, kí ọ̀gá iṣẹ́ sì wá wo àga kan tí ẹni náà ti kàn. Ẹ jẹ́ kí àga náà jẹ́rìí fún ẹni tí ó kàn án.

Ọ̀rọ̀ owó sísan sì wà níbẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ kékeré ti ń kú. Òfin 2007 ní owó tí ó bá kọjá ọgọ́ta ọjọ́ lẹ́yìn tí a ti mú ìwé owó wá ti pẹ́, kí èlé sì gorí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìwé àdéhùn bá ṣe wí. Ta ni ó ti rí èlé náà gbà rí láàárín àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àdúgbò? Òfin kan náà sì fi àyè sílẹ̀ kí a san owó ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí kò ju ìpín mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún lọ, bí báńkì tàbí ilé iṣẹ́ adójútòfò bá dúró fún agbaṣẹ́ṣe. Báńkì wo ni yóò dúró fún káfíńtà? Ó yẹ kí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lè dúró fún ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní irú iṣẹ́ kékeré báyìí. Ilẹ̀ Yorùbá mọ èsúsú, ó mọ àjọ, ó sì mọ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ láti ìgbà àwọn àgbẹ̀ kòkó. Ẹni tí ẹgbẹ́ dúró fún kì í sábà sá.

Ní ti àwọn ará ìlú, agbára ti wà lọ́wọ́ wọn ju bí wọ́n ti mọ̀ lọ. Òfin òmìnira ìròyìn tí Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí ní ọdún 2011 fún ilé iṣẹ́ ìjọba ní ọjọ́ méje láti dá ẹni tí ó bá béèrè ìwé lóhùn, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ sì ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2025 pé òfin náà kan ìpínlẹ̀ gbogbo, kì í ṣe Àbújá nìkan. Olùkọ́, akẹ́kọ̀ọ́, oníṣẹ́ ọwọ́ tàbí pásítọ̀ lè kọ lẹ́tà sí ilé ẹ̀kọ́ tí ó wà nítòsí rẹ̀, kí ó sì béèrè iye tí wọ́n ra àga kan àti ẹni tí wọ́n rà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ó di ọ̀ràn lẹ́tà. Òfin ti pàṣẹ kí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní ìgbìmọ̀ tí ń ṣètò ìrajà, nínú èyí tí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tàbí aṣojú rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìṣúná àti àwọn tí yóò lo ohun náà wà, kí wọ́n jókòó ṣètò ohun tí wọn yóò rà kí ọdún tó bẹ̀rẹ̀. Mo ń bẹ àwọn ìgbìmọ̀ alákòóso gbogbo ilé ẹ̀kọ́ gíga ìjọba, ti Wárì àti ti ilẹ̀ Yorùbá, pé kí wọ́n lẹ ètò náà mọ́ ẹnu ọ̀nà àbáwọlé ní oṣù kìn-ín-ní, níbi tí ẹni tí ń ta omi àti ẹni tí ń gun ọ̀kadà ti lè kà á, kí ó wà níbẹ̀ pé àga mélòó ni a fẹ́ rà, irú pákó wo ni a fẹ́, oṣù wo ni a óò rà á, kí ẹni tí ń gbẹ́ igi ní Ekete lè mọ iye pákó tí yóò rà kí ó sì sá a gbẹ.